OÚNJẸ ỌDÚN FÚN ỌMỌ ỌWỌ́ ÀTI ỌMỌ TÍ Ó ṢẸ̀ṢẸ̀ Ń RÌN

Bí ó ti máa ń rí lọ́dọọdún ní Ìgbòho àti ní gbogbo agbègbè Òkè-Ògùn nìyí: bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Ìlọrin yóò máa wọlé dé, a ó so àgbò mọ́lẹ̀, a ó lọ èlùbọ́, a ó lọ ata. Bí ó bá jẹ́ ti Kérésìmesì tàbí Ọdún Tuntun, ìrẹsì àti adìyẹ ni yóò gba iwájú. Èéfín yóò máa rú ní agboolé gbogbo, ọwọ́ yóò sì máa lọ sí ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń bẹ nínú ilé tí a kì í sáábà rántí nígbà tí a bá ń ṣètò oúnjẹ ọdún. Ẹni náà kò lè sọ̀rọ̀, kò lè bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, kò sì mọ èyí tí yóò pa á lára yàtọ̀ sí èyí tí yóò ṣe é lóore. Ọmọ ọwọ́ ni, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Nítorí tiwọn ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

ILÉ KAN NÍ ỌJỌ́ ILÉYÁ

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe ọdún rí ní agboolé ńlá yóò mọ irú ilé náà.

Ìyá ọmọ ni ó kéré jù nínú àwọn ìyàwó ilé. Ọmọ rẹ̀ pé oṣù 9. Láti ìdájí ni ìyá ti wà nídìí ààrò. Ó ń ro ọkà, ó ń fọ ìfun àgbò, ó ń gbé abọ́ fún àlejò. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ráyè fún ọmọ ní ọmú. Ọmọ náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣáà ti jókòó. Ìyá kan fi òkèlè tí a ti kì bọ ọbẹ̀ ata sí i lẹ́nu. Àbúrò bàbá rẹ̀ fún un ní egungun kí ó máa fà á mu. Ọmọdé kan ti ẹ̀pà sí i lẹ́nu. Ẹlòmíràn fi ìdérí ìgò bu ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ràn ọmọ náà. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó mọ ohun tí ẹnì kejì ti fún un.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá bu ìrẹsì tí ó ti sùn sínú ìkòkò, ó fi omi gbígbóná díẹ̀ rọ̀ ọ́, ó sì fi bọ́ ọmọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, ọmọ ti ṣu gbuuru lẹ́ẹ̀mẹfà. Ojú rẹ̀ jìn, ètè rẹ̀ gbẹ, bí ó bá sì ń sunkún, omijé kò jáde.

"Eyín ló ń hù," ni àwọn kan wí.

"Ẹ má fún un lómi mọ́, kí ìgbẹ́ náà lè dáwọ́ dúró," ni àwọn mìíràn wí.

Ṣùgbọ́n ìyá bàbá ọmọ náà pe aya ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ìyàwó mi, eyín kì í mú ojú ọmọ jìn. Lọ mú ọ̀rá oògùn tí nọ́ọ̀sì fún wa níjọ́sí wá."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni ìyàwó wí, ó sì sáré wọlé.

Wọ́n po oògùn náà mọ́ omi tí a ti sè, wọ́n ń fi ṣíbí bu ú sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìlera. Ọmọ náà yè. Ó yè nítorí pé àgbà kan wà nílé tí ó rántí ohun tí a kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára jù ni kí àìsàn náà má tilẹ̀ wáyé. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a lè ṣe kí ó má baà wáyé.

ÌDÍ TÍ OÚNJẸ ỌMỌ FI YÀTỌ̀ SÍ TI ÀGBÀ

Ikùn ọmọ kéré, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dàgbà kíákíá. Nígbà tí ọmọ tí ara rẹ̀ dá bá fi pé ọdún kan, ìwúwo rẹ̀ yóò ti tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọjọ́ tí a bí i. Nítorí náà, kì í ṣe oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó nílò bí kò ṣe oúnjẹ díẹ̀ tí ó kún fún èròjà, ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́. Oríṣi oúnjẹ mẹ́ta ni ó yẹ kí ó máa wà nínú abọ́ ọmọ:

1. Oúnjẹ tí ń fún ara lágbára: iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, àti epo díẹ̀.
2. Oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà: ẹ̀wà, sóyà, ẹyin, ẹja, ẹran, wàrà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná.
3. Oúnjẹ tí ń dènà àrùn: ewédú, tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti ọsàn.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó ṣàjèjì sí ọjà wa. Ìgbòho, ìlú tí àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ilẹ̀ iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí ni. Àwọn obìnrin Fúlàní sì ń gbé wàrà wá sí ọjà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, oúnjẹ wà. Bí a ṣe ń pín in ni kò tọ́.

Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí awọ ara wọn ń bó, tí irun wọn sì ń pọ́n. Ògì àgbàdo lásán ni a fi ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí a ti gba ọmú lẹ́nu wọn. Ní ọdún 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ará Gáà ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ àìsàn ọmọ tí a gbà lọ́mú nítorí pé a bí àbúrò lé e. Títí di òní, orúkọ yìí ni àwọn dókítà gbogbo àgbáyé ń lò.

Ẹ kíyèsí i pé ebi tí ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ebi àìjẹun. Ó ń jẹ ẹ̀kọ yó, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí ẹran jẹ tó. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin àti ẹran yóò di olè. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ léṣe. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè. Fífi ẹran dù ú kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ ọdún tí ẹran pọ̀ jù lọ nínú ilé, ohun ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé egungun nìkan ni ó kan ọmọ tí ó nílò ẹran jù lọ.

OṢÙ MẸ́FÀ ÀKỌ́KỌ́: ỌMÚ NÌKAN

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò ní ìpín nínú oúnjẹ ọdún. Ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, ọmú náà sì ni omi rẹ̀. Kò nílò omi, kò nílò àgbo, kò nílò ògì, kò sì nílò ìtọ́wò ọbẹ̀. Oògùn tí òṣìṣẹ́ ìlera bá fún un nìkan ni ó yàtọ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n bímọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lè rántí pé oṣù 4 sí 6 ni a ń sọ fún wọn nígbà náà. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ di oṣù 6 gbáko. Lẹ́yìn oṣù 6, kí ọmọ máa mu ọmú lọ pẹ̀lú oúnjẹ títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé ọdún méjì gbáko náà ni Àlùkùráánì mẹ́nu bà.

Ọjọ́ ọdún ni ọmú máa ń pẹ́ kí ó tó dé ẹnu ọmọ, nítorí iṣẹ́ ìdáná. Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin orogún, ẹ bá wa rán ìyá ọmọ létí. Ẹ gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó jókòó, kí ó fún ọmọ lọ́mú. Àlejò lè dúró díẹ̀; ebi ọmọ ọwọ́ kì í dúró.

ÌKÒKÒ KAN, ABỌ́ MÉJÌ

Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé oúnjẹ ọmọ túmọ̀ sí ìnáwó ọ̀tọ̀ àti ìkòkò ọ̀tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìkòkò ọdún kan náà ni oúnjẹ ọmọ wà, bí a bá bu ú ní àkókò tí ó yẹ. Àkókò náà ni ìgbà tí oúnjẹ ti jinná, ṣùgbọ́n tí iyọ̀, ata àti èròjà amọ́bẹ̀dùn kò tíì wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń sè ẹran, ẹ kọ́kọ́ fi omi àti àlùbọ́sà sè é. Ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀, kí ẹ tó fi iyọ̀ àti ata sí ti àgbà. Bí ẹ bá ń sè gbẹ̀gìrì, ẹ bu ti ọmọ kí ẹ tó da ata lé e. Bí ẹ bá ti po ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, ẹ bu ewé méjì tàbí mẹ́ta fún ọmọ kí ata tó kàn án.

Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má jẹ iyọ̀ tí a fi ọwọ́ bù sí oúnjẹ rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ kò tíì lágbára láti yọ iyọ̀ púpọ̀ kúrò nínú ara. Bí oúnjẹ náà bá tẹ́ lẹ́nu yín, ẹ rántí pé ẹnu yín kọ́ ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ fún ọmọ ní abọ́ tirẹ̀ àti ṣíbí tirẹ̀. Bí ó bá ń jẹ nínú abọ́ ńlá pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ tí ó yára ni yóò kó oúnjẹ náà, ìyá kò sì ní mọ iye tí ọmọ jẹ.

Fún ìwọ̀n, ẹ wo ọ̀rá omi tí a kọ 50 cl sí lára. Ìdajì rẹ̀ ni ife kan tí a ń sọ níhìn-ín. Ẹ fi omi náà wọn ife kan nílé, kí ẹ sì máa lò ó:

Oṣù 6 sí 8: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun 2 tàbí 3, kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi tó ìdajì ife, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Oṣù 9 sí 11: ìdajì ife, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, pẹ̀lú ìpanu díẹ̀ bí èso tàbí wàrà sísè.

Ọdún 1 sí 2: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife títí dé ife kan, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, pẹ̀lú ìpanu ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

OÚNJẸ ỌDÚN MẸ́TA FÚN ỌMỌ

Oúnjẹ kìíní: Iṣu àti ẹ̀dọ̀ àgbò (oṣù 6 sí 8)

Bí a bá dúńbú ẹran, ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń sè. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ nílò èròjà tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀ gidigidi, nítorí láti oṣù 6 ni irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá ti ń tán lára rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀dọ̀ tí ó tó páálí ìṣáná kan. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é títí kò fi ní sí ẹ̀jẹ̀ pupa nínú rẹ̀ bí ẹ bá gé e wò. Ẹ gún un nínú odó kékeré tí ó mọ́ títí yóò fi kúnná. Ẹ mú iṣu sísè tí ó tó ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun 4, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó má ní kókó, kí ẹ pò ó mọ́ ẹ̀dọ̀ náà. Ẹ fi ṣíbí kékeré kan epo pupa sí i, kí ẹ sì fi omi tí ẹ fi sè é rọ̀ ọ́. Ohun tí ó bá kù nínú ìpò yìí lẹ́yìn tí ọmọ bá ti yó, àgbà ni kí ó jẹ ẹ́. Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, kí oúnjẹ náà dúró lórí rẹ̀. Bí ó bá ń ṣàn bí omi, kò ní èròjà tó.

Oúnjẹ kejì: Ọkà rírọ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú (oṣù 9 sí 11)

Kò sí oúnjẹ tí ó bá ọdún wa mu tó èyí, ọmọ náà sì lè bá wa jẹ ẹ́. Ẹ ro ọkà ọmọ kí ó rọ̀ ju ti àgbà lọ, kí ó má sì ní kókó. Ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀ ni gbẹ̀gìrì. Ẹ sè é títí yóò fi rọ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ìjábẹ̀ jà á kúnná. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun 3 gbẹ̀gìrì tí kò ní ata, ẹ fi ewédú díẹ̀ lé e. Ẹ mú ẹran tí ó jinná dé ojú egungun, ẹ ya á sí fọ́nrán wẹ́wẹ́, kí ẹ tún gún un díẹ̀. Kí òkèlè má tóbi ju èékánná àtàǹpàkò yín lọ. Ẹ̀wà, ẹran àti ewé ti wà nínú abọ́ kan yìí. Oúnjẹ tí ó pé pérépéré ni.

Oúnjẹ kẹta: Ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin (ọdún 1 sí 2)

Ẹ sè ìrẹsì kí ó rọ̀. Ẹ po ẹ̀wà lílọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, epo àti ẹyin kan tí a ti pò, kí ẹ dì í sínú ewé, kí ẹ sè é títí àárín rẹ̀ yóò fi dì. Bí ẹ bá fi ẹja sí i, ẹ fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí eegun má ṣẹ́kù. Ẹ tẹ mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì pọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò tí ó pọ́n, tí a ti fọ̀, tí a bó, tí a sì gé wẹ́wẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọdún kí ìkòkò ńlá tó kúrò lórí iná, ògì ni ọmọ yóò mu. Ẹ má fún un ní ògì lásán. Ẹ fi ẹ̀pà tí a yan tí a sì lọ̀ kúnná sí i, tàbí ìyẹ̀fun sóyà tí a ti sè kí a tó sá a. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní FIIRO ní Òṣòdì, Èkó, ti ṣe irú ògì alásóyà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ jù ẹ̀pà tí ó bá ti hu olú tàbí tí ó korò nù. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ má ṣe fi ọjọ́ ọdún bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tuntun mẹ́rin papọ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni ó dára, kí ẹ lè mọ èyí tí kò bá ara ọmọ mu bí ara rẹ̀ bá sú tàbí bí ó bá bì.

Ọ̀NÀ Ọ̀FUN, Ọ̀NÀ Ọ̀RUN

Àwọn àgbà ni wọ́n pa òwe yìí, òótọ́ sì ni. Ọ̀nà èémí ọmọ kò fẹ̀, kò sì tíì ní eyín tí yóò fi rún nǹkan líle. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má jẹ odidi ẹ̀pà, gúgúrú tàbí súìtì líle. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí: ṣin-ṣín líle, àgbàdo sísun, pọ̀nmọ́, ìṣù ẹran, egungun wẹ́wẹ́ àti ẹja eléegun.

Oyin kò dára fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ń mú kí iṣan ara ọmọ kú. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tíì àti omi ṣúgà ń yó ọmọ láìfún un ní nǹkan kan. Ẹmu àti ọtí líle kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀, bí àwọn àlejò tilẹ̀ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ má ṣe rọ ọmọ. Àṣà kí a fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ, kí a sì da ògì sí i bí ó ti ń sunkún lè mú kí oúnjẹ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fi ṣíbí bọ́ ọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dúró bí ó bá yí orí.

Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun, tí kò lè sunkún, tí kò sì lè wúkọ́, ẹ má fún un lómi, ẹ má sì ti ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ láìrí ohun tí ó há. Bí kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ dá a dojú bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní àárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá ti ju ọdún kan lọ, lẹ́yìn gbígbá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ọwọ́ ní òkè ìdodo, ẹ fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é ní ìtẹ̀léra bí ẹnì kan ti ń wá ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn.

ÌMỌ́TÓTÓ NÍ ÀÁRÍN ÈRÒ

Nítorí pé oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń ka Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, wọ́n máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Nígbà mìíràn wọ́n bọ́ sí àkókò òjò tí eṣinṣin pọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn tí omi wọ́n. Ìkíní àti ìkejì ló ní ewu tirẹ̀. Nítorí náà:

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan oúnjẹ ọmọ, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, àti lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí ọmọ. Kí ẹ fọ ọwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú.
2. Kí ọ̀bẹ àti pákó tí a fi gé ẹran tútù má kan oúnjẹ tí ó ti jinná títí a ó fi fọ̀ wọ́n.
3. Ẹ sè omi tí ọmọ tí ó ti lé ní oṣù 6 yóò mu, ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú ohun èlò tí ó ní ìdérí.
4. Oúnjẹ ọmọ tí ó bá ti wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ láìsí fíríìjì, ẹ má fi bọ́ ọ. Oúnjẹ tí ó sùn kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́. Dídà omi gbígbóná lé e kò tó láti pa kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀.
5. Ẹ sè é níwọ̀nba. Èyí tí ọmọ bá jẹ kù nínú abọ́, ẹ má tọ́jú rẹ̀ fún un di ìgbà mìíràn.

BÍ ỌMỌ BÁ Ń ṢU GBUURU

Omi tí ó ń jáde lára ni ó ń pa ọmọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a má fún un lómi ti ṣì í. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ Mínísítà fún Ètò Ìlera orílẹ̀-èdè wa láti 1985 sí 1992, tẹnu mọ́ ọn pé ìyá fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí nílé. Ẹ máa fún un lọ́mú lọ. Ẹ ra oògùn ọlọ́rá tí à ń pè ní ORS sílé kí ọdún tó dé. Ẹ ka ara ọ̀rá náà kí ẹ lè mọ ìwọ̀n omi tí a ó pò ó mọ́. Bí kò bá sí, ẹ mú omi sísè tí ó tó ọ̀rá omi 50 cl méjì, ẹ fi ṣíbí ìpotíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀ sí i, kí ẹ gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ fi ṣíbí fún un ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin ife sí ìdajì ife ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti ṣu. Bí ó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò tún fún yín ní oògùn síǹkì tí ọmọ yóò lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ìgbẹ́ ti dáwọ́ dúró.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọdún, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: ojú rẹ̀ jìn, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ó ń bì gbogbo ohun tí ó mu, kò lè mu ọmú, ó ń sùn ju bó ti yẹ lọ, ara rẹ̀ gbóná gan-an, tàbí gìrì mú un.

IṢẸ́ TI GBOGBO ARÁ ILÉ

Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Ní àárọ̀ ọdún, kí ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bọ́ ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún ọmọ ní nǹkan, ọwọ́ onítọ̀hún ni kí ó gbé e sí. Ẹ̀yin bàbá, nígbà tí ẹ bá ń pín ẹran, ẹ kọ́kọ́ yọ ti ọmọ àti ti ìyá tí ń fún un lọ́mú. Lẹ́yìn ọdún, ẹ gbé ọmọ lọ fún wíwọ̀n. Káàdì ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì ń fa ìlà sí lára, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó ti gbé bẹ̀rẹ̀: Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ni ó gbé e jáde láti inú iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950, kí gbogbo àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Bí ìlà náà bá ń gòkè, oúnjẹ ń ṣe ọmọ lóore. Bí ó bá dúró gbọnrangandan, ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlera léèrè.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ LÈ JỌ DÁHÙN NÍLÉ

1. Ta ni yóò máa bọ́ ọmọ wa ní ọjọ́ ọdún?
2. Ìgbà wo ni a ó bu ti ọmọ kúrò nínú ìkòkò?
3. Ibo ni a tọ́jú oògùn ORS sí, ta sì ni ó mọ bí a ti ń pò ó?
4. Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun, kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe?

Bí ẹ bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí a tó dúńbú àgbò, ọkàn yín yóò balẹ̀ bí ẹ ti ń jẹ, tí ẹ ń mu. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọdún á yabo, àṣèyí ṣàmọ́dún, gbogbo wa pẹ̀lú àwọn ọmọ wa.